Ẹlẹ́dẹ̀ Kan Láàárín Eku

Tíṣà Páálí làwọn ọmọ ilé ìwé ń pe àbúrò mi obìnrin. Páálí bàtà, páálí ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ di ẹ̀kọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mi ò ní sùúrù, inú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi dòní.

Àwọn ará Ṣáínà máa ń fi ẹranko méjìlá pe ọdún. Bí méjìlá bá pé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí àbúrò mi fi kọ́ kíláàsì rẹ̀: kí kálukú fi páálí gé ojú ẹranko ọdún tí wọ́n bí i, kó sì gbé e wọ̀ níwájú àwọn òbí. Wọ́n ṣírò, ó di eku, eku, eku. Ojúgbà ṣáà ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, torí àìsàn ti dá a dúró sílé fún ọdún kan gbáko, ó fi ọdún kan ju wọn lọ, ọdún ẹlẹ́dẹ̀ ló sì ṣáájú ti eku.

Ẹ sì mọ ẹnu ọmọdé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti di "Àǹtí Ẹlẹ́dẹ̀." Ọmọ náà ní òun ò wá sílé ìwé mọ́.

Àbúrò mi tọ ọ̀gá lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí kálukú mú ẹranko tó wù ú."

"Bí ìwé ṣe wí la ó ṣe é. Ṣé ọmọ ẹyọ kan ló máa da ètò wa rú ni?"

Ètò! Ọmọ tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ǹda! Ká ní èmi ni, ǹ bá fìjà pẹẹ́ta. Àbúrò mi kàn lọ bẹ ọmọ náà nílé pé kó wá, ó sì gé ojú ẹlẹ́dẹ̀ kejì, èyí tó tóbi.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá, àwọn eku tò sápá kan. Ọmọ náà dá dúró lápá kejì. Àbúrò mi wá nawọ́ sí kàlẹ́ńdà tí ọ̀gá ṣe nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí gbogbo kíláàsì, tòun tọdún ìbí rẹ̀ gàdàgbà.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi ka méjìlá-méjìlá látorí ọdún ìbí yìí."

Wọ́n kà á tariwo-tariwo. Ọdún tí wọ́n bí ọmọbìnrin yẹn gan-an ni wọ́n já sí. Gbogbo òbí yíjú sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ọmọ náà gbé ojú ẹlẹ́dẹ̀ ńlá yẹn, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ wá dúró tì mí, mà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀."