Kọmpádírè Ọkọ̀ Ojú Omi

Adájọ́ Eutimio Causil kò lè rí ọmọ tuntun kó má gbé e lọ fún ìsàmì. Wàhálà rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ní Caño Viejo tiwa létí odò Sinú, ẹni tó bá ṣe baba ìsàmì ọmọ rẹ ti di kọmpádírè rẹ títí ikú nìyẹn, ó sì ju ẹbí lọ. O ò gbọdọ̀ bá kọmpádírè jà, bó bá sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ ní gbangba, o ò gbọdọ̀ sọ pé rárá. Adájọ́ kì í sì í dá ẹjọ́ kọmpádírè rẹ̀. Ṣe ló máa ń yọwọ́, ìwé ẹjọ́ á wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, á sùn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kó tó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ọmọ mọ́kànlélógójì ni adájọ́ wa ti gbé. Mo mọ iye wọn, nítorí èmi Nelcy, akọ̀wé kóòtù rẹ̀ láti ọdún méjìlélógún, ni mò ń tẹ ìwé ìyọwọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ ìdajì ìlú ni kò lè dá mọ́. Mo pariwo títí ọ̀fun mi gbẹ.

"Adájọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

"Nelcy, ọmọ náà ló rẹ́rìn-ín sí mi."

Kò láya, kò bímọ, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ń wọ táì dúdú nínú ooru tó ń lé ajá wọ odò. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló máa ń wọ táì pupa, á mú àwo dání lọ sí fèrèsé ilé Brígida Solano láti ra ẹnyukádò, àkàrà dídùn tí a ń fi ẹ̀gẹ́ rírin àti àgbọn yan.

Brígida yìí ló wá kọ ọkọ rẹ̀ ní kóòtù wa. Arcadio Pertuz lorúkọ ọkọ náà, apẹja lórúkọ, ìjà àkùkọ niṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹun lórí àkàrà obìnrin yìí, ó wá kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn lódìkejì odò, kì í wálé àfi tí aṣọ rẹ̀ bá dọ̀tí.

"Nelcy, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí," Brígida wí fún mi. "Mi ò fẹ́ kú mọ́ ọkùnrin yẹn lọ́rùn. Bí ìwé mi bá lọ sùn nílùú ńlá, ṣé èmi náà á máa sùn tì í ni?"

Ohun kan ṣoṣo tí Arcadio bi mí ni, "Ta ló máa wá máa fọ aṣọ mi?"

Wọn ò bímọ, nítorí náà adájọ́ kì í ṣe kọmpádírè wọn. Inú mi dùn, mo fi ẹjọ́ sí ọjọ́ Ajé. Àṣé Arcadio ò sùn. Ó kun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó ti gbó lọ́dà, ó ní ọkọ̀ tuntun ni, ó sì pe adájọ́ kó wá ṣe baba ìsàmì rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. A máa ń ṣe ìsàmì fún ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú níbí.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, adájọ́ pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó ní kí n tẹ ìwé ìyọwọ́ nínú ẹjọ́ Brígida. Ẹ fara balẹ̀, mo máa sọ ìdí tó kọ síbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó tì í sínú àpótí.

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìsàmì ọkọ̀, mo di apá rẹ̀ mú. "Adájọ́, pàkúté ni o!"

"Mo mọ̀, Nelcy. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ òórùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń sun."

Ó jẹ ẹlẹ́dẹ̀ bí ẹni pé kò sí ọ̀la, ó sì da ọtí ìrèké sórí ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, kóòtù kún dé ojú fèrèsé. Arcadio dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ káàárọ̀ o, kọmpádírè mi!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Kọmpádírè pákó!"

"Adájọ́," Brígida ní, "ọkọ̀ yẹn ò lẹ́mìí, omi ló tún ń jò. Ṣé torí pákó jíjò ni ẹ fẹ́ sọ ìwé mi sódò?"

 Adájọ́ ní, "Mi ò lè dá ẹjọ́ yìí. Mo yọwọ́."

Brígida jókòó, ó fọwọ́ bojú. Inú mi bàjẹ́, n kò fi pa mọ́ fún yín, mo fẹ́ sọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lu Arcadio tó ti ń jó.

Adájọ́ wá bọ́ aṣọ oyè rẹ̀, ó fi kọ́ sára àga, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó ti Arcadio.

"Èmi kì í ṣe adájọ́ rẹ mọ́. Kí ni mo wá jẹ́ sí ọ?"

"Kọmpádírè mi ni!"

"Sọ ọ́ kí àwọn tó wà níta gbọ́."

"Kọmpádírè mi ni yín o!"

"Ó dáa. Kọmpádírè rẹ ń tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Tọkọtaya tó bá ti fẹnu kò láti kọ ara wọn kò nílò adájọ́, nòtárì tó wà lódìkejì títì yìí á kàn bá wọn lu òǹtẹ̀ ni. Dìde, bá Brígida lọ, kí o fọwọ́ sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀."

 Arcadio wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá rẹ̀, arúgbó tó jókòó níwájú, fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Arcadio! Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ̀ fún kọmpádírè nílé wa. Ṣé orí rẹ ni ìtìjú á ti bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti fọwọ́ sí i, gbogbo ìlú sì ń wò láti ojú fèrèsé.

Adájọ́ ní kí n sun ìwé ọjọ́ Ẹtì níná, pé ọkọ̀ ti gba ẹ̀bi. N kò sun ún. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Mo yọwọ́, nítorí mo ti nífẹ̀ẹ́ olùpẹjọ́ láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ra ẹnyukádò rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ẹtì. Mi ò fẹ́ràn àgbọn." Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí kọmpádírè tọrọ ohun tí ọkàn òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́, kó lọ bi ọkọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo wà ní fèrèsé Brígida.

"Nelcy, ṣé torí ọkọ̀ yẹn nìkan ni adájọ́ fi yọwọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Óò. Mo rò pé nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀ ni." Ó ń gé àkàrà lọ, gbogbo rẹ̀ ń wọ́.

Láti ọdún méjìlélógún, ìwé kóòtù kankan ò tíì ti ọwọ́ mi jáde. Mo ṣí báàgì mi, mo ki ìwé ọjọ́ Ẹtì náà bọ abẹ́ agbada àkàrà, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, adájọ́ dé pẹ̀lú táì pupa, ó na àwo rẹ̀ síwájú. Brígida pa fèrèsé dé mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin náà dúró sínú oòrùn, àwo lọ́wọ́. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí.

"Ẹ wọlé, Eutimio," obìnrin náà ní. "Mo se ìrẹsì. Mi ò fi àgbọn sí i."