Àpò Tíṣà Níbi Gbàǹjo Ìkórè

Ẹ ò tíì rí ẹni tó ń fi ìdùnnú kó ilẹ̀ ọjà bíi Tíṣà Fẹ̀yìntọlá. Bí ọjà Ìyànà Ọ̀fà bá ti ń tú, á ti dé tòun tàpò, á máa ṣa tòmátì tó ti rà àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún. Ẹ̀yìn ilé tó háyà ló ń kó wọn jọ sí. Bí wọ́n bá jẹrà tán, ajílẹ̀ dé nìyẹn. Òun ló fi ń gbin ẹ̀fọ́ sọ́gbà iléèwé rẹ̀. Kò ra fatiláísà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń tutù kódà bí òjò bá sá lọ. Àwọn ọmọ tó ń fi búrẹ́dì gbígbẹ panu lọ́sàn-án wá ń fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ jẹ̀bà.

Ààtàn kì í kọ ilẹ̀, àmọ́ Bàbá Akínwándé, onílé rẹ̀, kọ ààtàn ní tiwọn. Wọ́n ní òórùn ń bá àwọn wọ yàrá. Bí oṣù bá parí tí òkìtì yẹn ṣì wà níbẹ̀, kí Tíṣà wálé mìíràn lọ. Ọkàn Tíṣà bàjẹ́. Bí òkìtì bá lọ, ẹ̀fọ́ àwọn ọmọ lọ nìyẹn.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló wá bọ́ sáàárín. Kálukú ń gbé ohun tó kórè lọ síwájú Ọlọ́run, Tíṣà ní ajílẹ̀ lòun kórè ní tòun. Ó dì í sápò, ó rán ẹnu rẹ̀ mọ́nrán. Kò purọ́ fẹ́nì kan o! Àwọn tó ń to ẹrù ló gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ kó tó lanu. Bọ̀dá Lazarus tó ń ta gbàǹjo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní èlùbọ́ tó kúnná rèé. Ta ló sì ń tú ohun tí wọ́n fi fún Ọlọ́run wò? Ẹ wá wo Bàbá Akínwándé tí wọ́n ń nawọ́ sókè! Wọn kì í fọ̀rọ̀ ọkà ṣeré. Tíṣà fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ò jẹ́. Ẹnu ibẹ̀ ni Bàbá ti gbé e.

Nílé, ìyàwó wọn ti gbómi kaná kí wọ́n tó tú àpò náà. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Bàbá ò lè dá a padà, ohun tí wọ́n rà níwájú Ọlọ́run ni. Wọn ò sì lè dà á nù, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ìdí ewúro tó ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n dà á sí, wọ́n sì dijú mágbárí mọ́ Tíṣà láti ọjọ́ náà.

Oṣù parí. Tíṣà ti palẹ̀ ẹrù mọ́ nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá Akínwándé ló dúró níbẹ̀, àpò òfìfo lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn wọn, ewúro ti rú yọ̀yọ̀ kọjá ògiri. Wọn ò wojú Tíṣà.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ó ti tán. Bá mi bù sí i."