Ẹja Ìyá Bàṣírù Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹja Ẹ̀pẹ́ kọ́kọ́ dé ìdí kọ̀ǹpútà, èmi ni mo gbé e débẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkòròdú ni mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ já mi sí ibùdókọ̀ Benson nírọ̀lẹ́, dípò kí n sì gun ọ̀kadà lọ sílé ní Itamaga, mo yà sí kafé Dáre. Dáre ti ṣe tíṣà rí kó tó ra kọ̀ǹpútà díẹ̀ sínú yàrá kan. Àwọn géńdé máa ń jókòó sídìí wọn níbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, àǹtí?"

"Mo fẹ́ ta ẹja."

Ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà. "Tútù àbí yíyan?"

Yíyan ni. Ìyá Bàṣírù ló sì ń yan án, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà ní Ẹ̀pẹ́. Bàṣírù ọmọ rẹ̀ ti ń gbé òkè òkun, nítorí náà èmi ni mo kù tí mò ń pè é ní Màmá nítòsí. Bó bá ra ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja, á ká a, á ti ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un pọ̀, á wá tò ó sórí ààrò. Kì í kánjú iná. Àwọn oníbàárà tó ń ti Ìjẹ̀bú Òde wá, bí wọn ò bá bá a lọ́jà, wọ́n á jókòó dè é ni, wọn ò ní ra tẹlòmíràn.

Àìrówó ló gbé mi dé kafé. Iléeṣẹ́ ti ń dín ọjọ́ iṣẹ́ àwa káṣúà, òṣìṣẹ́ ojúmọ́, kù, a sì ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́n, á máa rajà níbì kan, á máa tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní èèyàn á wà lórí ibùsùn rẹ̀, owó á máa wọlé. Èmi ò tilẹ̀ bèèrè ibùsùn. Ohun tí mò ń wá ò ju kí owó má tán kí oṣù tó tán.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ẹ̀pẹ́, Màmá bi mí pé, "Ta ni yóò ra ẹja tí kò gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"Wọ́n á rí àwòrán rẹ̀, Màmá."

"Àwòrán ò ní òórùn."

"Orúkọ yín ni màá kọ sí i. Ẹja Ìyá Bàṣírù, Ẹ̀pẹ́. Orúkọ yín ló ń ta ẹja, ẹ̀yin náà mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ibi tó ti ń yún un, ibẹ̀ ni mo sì họ. Ó ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ kan, kí n sì ṣọ́ra. "Ó pẹ́ kí n tó ní orúkọ yẹn o," ó ní. "Má bá mi bà á jẹ́."

Dáre bá mi fi kámẹ́rà kékeré rẹ̀ ya apẹ̀rẹ̀ ẹja náà, ó bá mi gbé e sójú òpó kan tí wọ́n ti ń polówó ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi nọ́ńbà fóònù mi sí i. Bí a ti ń ṣe lọ́jà ni mo ṣe: mo bu owó lé iye tí mo fẹ́ gbà, kí oníbàárà lè rí nǹkan ná wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò pè.

"Àǹtí," Dáre ní, "wọ́n á wo iye yẹn, wọ́n á kọjá ni. Ta ni yóò bá kọ̀ǹpútà nájà?"

Mo bá kọ iye tí mo fẹ́ gbà gan-an. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo àwọn tó pè ló sì ń ná an wálẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù lòun wà, òun fẹ́ ra gbogbo ẹja tó wà ní Ẹ̀pẹ́, kí n ṣáà fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì mi ránṣẹ́. Òmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ní ọkọ. Mo ní mo ní. Ó wá ní ṣé ẹja náà ṣì wà.

Ṣùgbọ́n àwọn kan rà á. Lọ́jọ́ tí n kò bá lọ síṣẹ́, màá gba ọ̀nà Ìtòíkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, màá kó ẹja, màá sì lọ pàdé oníbàárà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé epo tí wọ́n bá júwe fún mi. Nígbà tó yá, mo ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì pé wọn ò ní í pẹ́ wá mi tì. Ẹnu mi ti gùn ju ọjà mi lọ.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyáàfin Adékọ̀yà fi ra apẹ̀rẹ̀ kan odindi. Sùúrùlérè ló ń gbé, ó sì fẹ́ kó ẹja náà lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ìdí ilé epo ni mo ti gbé e fún un. Ó ṣí bébà orí rẹ̀, ó rí ẹja ràbàtà-ràbàtà tó ń dán, inú rẹ̀ dùn, ó sanwó, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, a wà lẹ́nu oúnjẹ ọ̀sán níléeṣẹ́ nígbà tó pè mí.

"Ẹja tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà kọ́ lẹ tà fún mi. Àwọn ńlá wà lókè, kéékèèké ló kún ìsàlẹ̀, àwọn míì ti kán. Ìyá ọkọ mi ni mo fẹ́ kó o fún. Ṣé kó máa rò pé mo ti ṣa àwọn ńlá jẹ lọ́nà ni?"

"Mà, bí apẹ̀rẹ̀ ẹja ṣe máa ń rí—"

"Màá kọ ọ́ síbi tí mo ti rí i. Màá kọ ọ́ pé olè ni Ìyá Bàṣírù Ẹ̀pẹ́, kí gbogbo ayé kà á." Ó pa fóònù.

Ẹni tí kò bá dàgbà lọ́jà ẹja lè dá a láre lójú ẹsẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ wa, apẹ̀rẹ̀ ní ojú, ó sì ní inú. Èyí tó dára jù là ń tò sójú. Kò sí jìbìtì níbẹ̀, nítorí kò sí oníbàárà tí kò mọ̀. Bó bá dé, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, á fa kékeré kan yọ, á ní, "Èyí ńkọ́?" Ibẹ̀ ni ìná-ọjà á ti bẹ̀rẹ̀. Iye tí a dá lé apẹ̀rẹ̀ ti ka kékeré mọ́ ńlá. Ojú apẹ̀rẹ̀ ni mo yà ní fọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni a ṣe fún wíwò. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé èèyàn kan wà láyé tí kò mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ ní inú.

Inú kọ́kọ́ bí mi sí obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà mí. Bó bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé èmi kan wà ní Itamaga. Orúkọ arúgbó tí kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí ni yóò bàjẹ́, èmi ni mo sì gbé e síbẹ̀.

Mo bá ẹlẹgbẹ́ mi kan níléeṣẹ́ pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìdí ààrò ni mo bá Màmá, ó ń yí ẹja. Mo rò ó fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́.

"Olè?" ó bi mí.

"Bó ṣe sọ nìyẹn, Màmá."

"Ó tú apẹ̀rẹ̀ wò kó tó sanwó?"

"Kò tú u."

"O sọ fún un pé kó tú u?"

Mo ní n kò sọ fún un. Ó bu eérú bo iná. Mo ti ń retí pé yóò ní kí n má ṣe wá kó ẹja òun mọ́ láéláé, mo sì mọ̀ pé n kò ní lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́. Ohun tó sọ ni pé, "Bá mi mú ìborùn mi."

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ibi tí wọ́n ti ń pè mí lólè."

Ó ti pẹ́ gan-an tí Màmá ti dé Sùúrùlérè gbẹ̀yìn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja tuntun kan lé itan jókòó nínú ọkọ̀, kò gbà kí kọ̀ǹdọ́ fi í sí búùtù. Láti ilé epo tí mo ti gbé ẹja fún Ìyáàfin Adékọ̀yà la ti bèèrè ọ̀nà dé ilé rẹ̀. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ le nígbà tó rí mi, ṣùgbọ́n Màmá ti kí i.

"Ẹ kúulé o. Èmi ni Ìyá Bàṣírù."

"Ẹ̀yin gan-an, mà?" Orúnkún obìnrin náà ti ń tẹ̀ kó tó mọ̀.

Màmá tọrọ ọpọ́n ńlá. Ó da apẹ̀rẹ̀ tuntun náà sí i, àtojú àtinú, ó ní kí wọ́n gbé èyí tí mo tà fún wọn wá, ó da ìyẹn náà lé e. "Ẹ yàn án," ó ní. "Bí ẹ ò bá yàn án bí ẹni tó wà lọ́jà wa, inú mi ò ní dùn."

Ìyáàfin Adékọ̀yà fa àpótí, ó jókòó. Ó kọ́kọ́ ń mú u pẹ̀lú ìtìjú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò. Mò ń ka àwọn ńlá bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tó ṣe, obìnrin náà dáwọ́ dúró.

"Màmá, bí mo bá kó gbogbo èyí, kí lẹ fẹ́ tà?"

"Ẹ yàn ná."

Ó dá méjì nínú àwọn ńlá padà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn kéékèèké díẹ̀ mọ́ tiẹ̀, ó ní wọ́n á dára fún ọbẹ̀. Ó fún wa ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, òun àti Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ títí tí àwọn méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín. Kò kọ nǹkan kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, Màmá bi mí ní ìbéèrè kan. "Ẹni tó bá wá sọ́jà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè wá, ọwọ́ ta ni yóò fi tú u?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ọwọ́ tìẹ ni," ó ní, ó sì sùn lọ.

Láti ọjọ́ náà, orí ẹní ni mò ń tú ẹja lé kí Dáre tó yà á, ńlá, kékeré, àti èyí tó kán. Àwòrán náà ò fani mọ́ra mọ́, àwọn tó ń pè sì dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan a máa padà wá, a sì máa mú ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Wọ́n ṣì ń bi mí dòní bóyá èèyàn lè fi irú òwò yìí jẹun. Èsì mi ni pé ó ń bá owó oṣù gbé ẹrù, kò lè dá a gbé. Owó ọkọ̀ á mú tiẹ̀, káàdì fóònù á mú tiẹ̀, èyí tí kò bá tà, ẹ̀yin ni ẹ máa jẹ ẹ́. N kò fi iléeṣẹ́ sílẹ̀ o, iléeṣẹ́ ló fi mí sílẹ̀ nígbà tó yá, owó ẹja ló sì gbé wa dúró títí mo fi ríṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ orí ibùsùn yẹn kò tíì gbé ẹja yíyan wọ ọkọ̀ tí gbogbo èrò ti ń fi aṣọ bomú.

Orúnkún Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nígbà tó yá, kò lè lọ sọ́jà mọ́. Èmi ni mo wá ń yan ẹja lórí ààrò rẹ̀, òun á jókòó sórí àpótí, á máa bá iná wí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ohùn obìnrin kan tí n kò gbọ́ rí ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé Ìyá Bàṣírù nìyí?"

"Rárá, mà," mo ní, "ọmọ wọn ni mí. Ẹ jẹ́ kí n—"

Màmá na ọwọ́. Mo rò pé ó fẹ́ gba fóònù, mo sì gbé e fún un. Ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ mi, ó dá a padà sí mi létí.

"Dá a lóhùn," ó ní. "Ìwọ ni Ìyá Bàṣírù tó ń pè."