Àgbọ̀n Tó Ń Gbọ́ Orin

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àńtí Olókùn-Mẹ́rin ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórin. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ukulélè, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin tó fi ń kọ́ wọn. Ọdún kan rèé tí etí òsì rẹ̀ ti di pátápátá, tọ̀tún náà sì ti ń tẹ̀ lé e. Kò sọ fún ẹnì kankan; ọkọ rẹ̀ pàápàá rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kó dáhùn mọ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tójú tíṣà tó ń kọ́ wọn ní yíya àwòrán ń ṣe bàìbàì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó sílé. Tíṣà orin tí kò gbọ́ orin wá ńkọ́?

Ọgbọ́n kan ló ń dá. Láàárọ̀, kí wọ́n tó lu aago, á gbé ukulélè kọ̀ọ̀kan ti àgbọ̀n, á ta okùn, á sì máa fi eegun gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n. Sọ, dò, mì, là: bó bá ti rí lára eyín rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ó ti bọ́ sójú ẹ̀. Méjìlélógún ni wọ́n. Ó rò pé kò sẹ́ni tó ń rí òun. Ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ló ń ronú báyẹn o.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé tuntun ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù bà á débi tó fi ṣe ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ukulélè lánàá kò jẹ́ ṣe: ó pààrọ̀ gbogbo okùn ní Ọjọ́rú, kí wọ́n lè máa dán. Ó kúkú mọ̀ pé okùn tuntun máa ń dẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tóhùn rẹ̀ á sì máa yẹ̀. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó rántí.

Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Àńtí ní káwọn ọmọ ta okùn kìíní. Etí rẹ̀ kò bá a rí àléébù kankan, àmọ́ ó rí i tójú ọ̀gá fún pọ̀ bíi tẹni tó gbé oògùn kíkorò mì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: kò lè gbé ukulélè ti àgbọ̀n lójú ọ̀gá, kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kò-Léyín, nítorí eyín iwájú rẹ̀ méjì tó ká, wo ojú tíṣà rẹ̀. Ó gbé ukulélè tiẹ̀ ti àgbọ̀n, ó ta á, ó lọ́ okùn le díẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àńtí kò kọ́ wọn ní èyí rí.

Ọ̀gá dìde, ó lọ bi Kò-Léyín pé kí ni wọ́n ń ṣe. Apá òsì tíṣà ni wọ́n wà, ẹnu tó ń mì nìkan ni Àńtí rí. Ohun tí ọmọ náà sọ rèé, tí gbogbo kíláàsì gbọ́, tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò gbọ́:

"Báyìí ni Àńtí wa ṣe máa ń gbọ́ ọ, Mà. Etí wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, tòsì ò tiẹ̀ gbọ́ rárá. Ó ti pẹ́ tá a ti mọ̀, a kàn ò sọ fún ẹnì kankan ni."

Àńtí rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó máa ń rín bí kò bá mọ ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Apá òsì ló sún mọ́ ọn jù, àmọ́ kò dúró níbẹ̀. Ó rìn yí tábìlì po, ó wá dúró lápá ọ̀tún, kó tó la ẹnu.