Àmì Abẹ́ Abíyá

Ìyá Oníbírò là ń pè é ní ẹ̀ka àwòrán ilé ìwòsàn wa, nítorí bírò dúdú tó fi ń sàmì sí abẹ́ abíyá àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Èmi nọ́ọ̀sì tí mo bá a ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́rìndínlógún, mi ò rí ẹni tó lẹ́nu bíi tirẹ̀. Á ní, "Dókítà, ẹ ní sùúrù, ẹran ọbẹ̀ kọ́ lẹ fẹ́ gé."

Kókó kékeré kan wà lábẹ́ abíyá tí jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ yà sí tó bá fẹ́ rìn lọ síbòmíì nínú ara. Àwòrán kan ń fi kókó náà hàn bí iná, ṣùgbọ́n kò fi ẹran ara hàn. Èkejì ń fi ẹran ara hàn, kò mọ kókó wo ni. Ìyá Oníbírò á gbé ọ̀kan lé èkejì lórí kọ̀ǹpútà, á wá sàmì síbi tí dókítà máa gé láti yọ kókó náà wò. Apá gbọ́dọ̀ wà lókè nínú méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kókó á yẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, apá ń dun obìnrin kan gan-an. Àánú ṣe Ìyá Oníbírò, ó ní kó gbé e wálẹ̀ fún àwòrán kejì. Kò sí jẹjẹrẹ nínú kókó tí wọ́n yọ, wọ́n ní àìsàn ò tíì rìn. Irọ́ ni. Ọdún kejì, obìnrin náà kú. Ìyá Oníbírò tún àwòrán wò, ó rí i pé àmì òun ló yẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún.

Láti ìgbà náà ni kò ti gbádùn. Mo bá a lọ́sàn-án gangan tó ń bẹ bẹ́ẹ̀dì òfìfo: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sókè." Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé ohun tí mo wá mú.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ obìnrin tó kú yẹn wá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Àìsàn kan náà.

"Ẹ̀yin ni mo ní kí wọ́n pè, mà. Màmá mi ní ẹ láàánú."

Ìyá Oníbírò gbé apá rẹ̀ sókè, ó fi ìrọ̀rí tì í. Ọmọ náà ké títí, kò jẹ́ kó gbé e wálẹ̀. Àwòrán méjèèjì bára mu rẹ́gí, ó sì sàmì.

"Ó dùn mí o! Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ti màmá mi?"

Mo ṣẹ́jú sí Ìyá Oníbírò kó dákẹ́. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi. Mo ní kí wọ́n gbé apá wálẹ̀. Ibi tí kò yẹ ni mo sàmì sí."

Ọmọ náà wò ó. Ó fi itọ́ sí ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àmì náà kúrò lára.

"Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ẹ bá mi pe ẹlòmíì."