Mo Gbé Jẹ́jẹ́ Lọ sí Àgbádárìgì

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ní Ìgàndó nígbà tí mo gbé kúlà funfun kan lé èjìká, mo sì kúrò nílé. Ẹni tó bá rí mi á rò pé omi inú ọ̀rá ni mo fẹ́ lọ tà. Ejò ló wà nínú rẹ̀. Mo ti fi í sínú àpò aṣọ, mo sì ti lu ihò sí ìdérí kúlà náà kí ó lè máa mí.

Kí ẹ má bàá pè mí ní ẹni ibi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fíríìjì ni mo ń tún ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń sin ajá ni èmi ń sin ejò, pàápàá èyí tí kò wọ́pọ̀. Mo ti sin ejò ajẹyin rí, tó jẹ́ pé ẹyin ẹyẹ nìkan ló ń gbé mì. Èyí tó wà nínú kúlà yìí tún ṣọ̀wọ́n jù ú lọ. Ejò olórí méjì ni àwọn èèyàn ń pè é, nítorí pé ìrù rẹ̀ rí bí orí gan-an. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Ìgbà tí àwọn lébìrà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sínú igbó tó kù lẹ́yìn ilé wa ni ṣọ́bìrì hú u jáde, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pa á. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, yóò fi orí pamọ́ sáàárín, yóò wá na ìrù síta kí ọ̀tá máa lu ìyẹn. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́.

Ìyàwó mi, Ràfíátù, ló bímọ, ni ìyá rẹ̀ bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti wá wẹ ọmọ fún wa. Ẹnu ọ̀nà ni Màmá wà tí wọ́n ti gbọ́ pé ejò wà nílé. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jókòó lé e.

"Àna mi," ni wọ́n wí, "èmi àti ejò ò ní í jọ tọ́ ọmọ kan. Nínú àwa méjèèjì, mú ọ̀kan."

Ilé aládùúgbò ni wọ́n sùn. Àwọn ará ilé ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn, ọmọ odó ti wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò dá Màmá lẹ́bi, àmọ́ ó dùn mí dọ́kàn. Ibi tí wọn kò ti ní pa Jẹ́jẹ́ ni mo ń wá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, kì í pa ejò. Mo ní ọ̀rẹ́ kan láàárín wọn, Bàbá Sètọ́njí, tó bá wa gbé ní Ìgàndó kí wọ́n tó fẹ̀yìntì padà sí abúlé wọn lẹ́bàá ọ̀sà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo forí lé.

Mo wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì ní Ìyànà-Ìbà. Ìgbà náà ni wọ́n ń fẹ ọ̀nà yẹn, eruku pupa bo gbogbo ojú fèrèsé, ọkọ̀ ń fò láti kòtò dé kòtò, èmi sì di kúlà mú lórí itan bí ẹni gbé ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí a kọjá Àgbárá, aṣọ́bodè kan dá wa dúró.

"Kí ló wà nínú kúlà yẹn?"

"Ejò ni, sà."

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni? Ṣí i, jàre!"

Mo ṣí i, mo tú àpò náà. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. "Dé e! Dé e padà! Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ!" Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ? Àwọn èrò ti bọ́ sílẹ̀ tán. Ẹni tó ti ń hanrun bọ̀ láti Ìyànà-Ìbà ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀.

Ògù ni awakọ̀ wa. Ẹ̀rín ló ń rín, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ wọlé, ó jàre. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pa dàn." Dàn ni wọ́n ń pe ejò. Ó ní kí n wá jókòó síwájú lọ́dọ̀ òun. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló gbé mi dé abúlé náà, àgbọn gbogbo yí i ká. Bàbá Sètọ́njí kí mi káàbọ̀, Ìyá Sètọ́njí, ìyàwó wọn, sì gbé omi wá. Sìn ni omi lédè wọn. Nílé wa, àlejò ni a ó gbé omi fún tààrà. Níbẹ̀, ẹni tó gbé e wá ló kọ́kọ́ mu díẹ̀ lójú àlejò, kí ó lè mọ̀ pé kò sí ibi nínú rẹ̀. Èmi náà mu, wọ́n fún mi ní ẹja yíyan, mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ejò tí wọn kì í pa, mo sì ṣí kúlà.

Ìyá Sètọ́njí yọjú wò ó. "Èyí kọ́."

"Èyí kọ́ kẹ̀, Mà?"

"Èyí tí a kì í pa ni erè. Dàngbé lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Eléyìí? Tó bá wọ inú ọgbà mi, ọkọ́ ni màá fi bẹ́ ẹ."

Èmi tí mo ń bá gbogbo àdúgbò jà pé kì í ṣe gbogbo ejò ni ọká, èmi náà ni mo wá ka gbogbo ejò sí ọ̀kan. Jẹ́jẹ́ ti ká jọ, ó ń na ìrù sí wa. Mo ti ń wò ó pé ọmọ odó Ìgàndó náà ló tún kù.

Bàbá Sètọ́njí sún mọ́ kúlà. Wọ́n wá bi ìyàwó wọn pé, "Ta ló mu omi wa lẹ́ẹ̀kan?"

"Àlejò ni."

Wọ́n mú igbá omi náà, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́, wọ́n sì kán an sí Jẹ́jẹ́ lára. "Òun náà ti mu ún. Ta ni yóò gbé ọkọ́ sí àlejò mi?"

Ìyá Sètọ́njí pòṣé, wọ́n sì lọ wá ìkòkò fífọ́ kan wá. Abẹ́ rẹ̀ la tọ́jú Jẹ́jẹ́ sí, láàárín èèpo àgbọn tútù.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo ń rò ó pé èèwọ̀ ìlú kọ́ ló gba Jẹ́jẹ́ là, bí kò ṣe ẹnì kan ṣoṣo tó ní tòun ni. Ó dùn mọ́ mi, mo sì tún ń ṣàárò rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Màmá ti wọlé, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ wọn, kànrìnkàn wà lọ́wọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣí kúlà òfìfo hàn wọ́n, mo sọ ibi tí mo gbé e sí.

"Ṣé o sọ ohun tó ń jẹ fún wọn?"

Ọmọ eku tí kò tíì lajú ló ń jẹ, mi ò sì rántí sọ ọ́.

"Pè wọ́n kíákíá! Ṣé bí wọ́n ṣe ń fa ohun tó lẹ́mìí léèyàn lọ́wọ́ nìyẹn?"

Mo pè, Ìyá Sètọ́njí ló gbé e. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, eku kún ìdí àgbọn àwọn. "Àmọ́ àlejò ni, mo gbọ́dọ̀ máa kí i láàárọ̀. Nínú orí méjèèjì, èwo ni kí n kí?"

"Èyí tí kò bá nà sí yín ni, Mà."

Màmá ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí ọmọ lẹ́yìn.

"Tí eléyìí bá ti ń rìn," ni wọ́n wí, "kí o mú un lọ kí i. Èmi ò ní í bá yín lọ o."