Ẹ́líbò Mẹ́rin fún Sàréè Kan

Òórùn ẹja yíyan tó bá òjò àárọ̀ pàdé ni mo fi ń rántí àgbàlá ìdílé ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà á rọra gba àárín àwọn sàréè mẹ́ta tó wà níbẹ̀ nígbà náà kọjá, á wá kú sídìí ògiri yàrá ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bí ẹni pé òun náà ti délé.

Orúnkún ẹ̀gbọ́n yìí, tí èmi náà ń pè ní ìyá, ò jẹ́ kó lè fa omi kànga mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí n fa omi láti táǹkì iwájú ilé dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn, kó lè máa ṣe àlùwàlá láìdúró de ẹni tó máa bù ú fún un. Púlọ́ńbà ni mí, Itamaga ní Ìkòròdú ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ìwé mi ò ju kí n ka iye ẹsẹ̀ páìpù lọ. Mo fa omi náà, mo ṣí ẹ̀rọ. Ó ń jáde bí itọ́ ọmọ tó ń sùn.

"Omi mi ń sọnù," ìyá ní. "Ó ń jò síbì kan."

Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ táǹkì. Kó tó ka ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ti kún. Lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ka mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tán, omi ò tíì dé ìdajì. Mo wá ti ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa, mo ki igi bọ táǹkì, mo sàmì síbi tí omi dé. Láti ìrun Àyìlà di Àlàásárì, omi ò kúrò lójú àmì. Mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lórí fóònù.

"Ọ̀gá, omi ń sọnù, àmọ́ kò jò."

"Omi ò sọnù. Agbára rẹ̀ ló ń tán lọ́nà. Gbogbo ẹ́líbò tó bá ti yà, á gba tiẹ̀ lára rẹ̀, bí agbèrò tó ń gbowó ní ibùdókọ̀ Benson. Mélòó lo fi síbẹ̀?"

Ẹ́líbò ni igunpá tí a fi ń yí páìpù. "Méjìlá, sà."

"Nínú àgbàlá kan? Omi lò ń fà ni, àbí ejò?"

Ìyá tó jókòó tì mí ti gbọ́. Ó wo ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, ó rí bí páìpù ṣe yà fún sàréè kọ̀ọ̀kan, ẹ́líbò mẹ́rin mẹ́rin, bí ẹni tó ń yọ́ kọjá lára ajá tó sùn.

"Ta lò ń sá fún?" ó bi mí. "Bàbá mi lèyí. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo máa ń tọ̀ sí tó bá pọ̀n ẹ́. Kò bínú nígbà yẹn. Ṣé páìpù ló máa wá bí i nínú?"

Lọ́jọ́ kejì mo hú gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tààrà ti wà láàárín wọn látilẹ̀. Èmi ni mi ò fẹ́ gbà á. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà, mo ń sọ "ẹ má bínú, sà" fún bàbá àgbà, mo sì fa páìpù gbọọrọ. Ìyá ka ogójì ó lé díẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì kún. Kò yìn mí. Ó kàn jókòó, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló ni ọ̀sán.

Òun náà ti wà níbẹ̀ báyìí, sàréè kẹrin. Bí nǹkan mi kan ò bá lágbára mọ́, mi kì í kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń jò. Mo máa ń bi ara mi pé ibo ni ẹ̀rù ti mú mi yà. Tí mo bá dé Ẹ̀pẹ́, àárín wọn ni mò ń gbà dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀. Àmọ́ mi ò yà mọ́.